Láti Inú Ẹ̀hàá Dé Ilé Ẹjọ́: Ọ̀dọ́bìnrin Mùsùlùmí àti Híjáàbù Nílẹ̀ Yorùbá

Híjáàbù tó gba ìgboro kan lónìí kò pẹ́ púpọ̀ láàárín wa. Gèlè ni àwọn ìyá wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ń wé, wọ́n á fi ìborùn lé èjìká, ó dọjà. Ẹ̀hàá, kí obìnrin máa bo ara pátápátá kó sì fara pamọ́ sílé, kò wọ́pọ̀, torí ọjà ni obìnrin Yorùbá ti ń rí owó ara rẹ̀. Ilé àwọn àáfà kan la ti ń bá ẹlẹ́hàá, àti láàárín ìjọ Mùsùlùmí kan tí wọ́n ń pè ní Bàmídélé n'Ìbàdàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkọ ló ń pinnu rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Lọ́dún 1954 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, sílẹ̀ l'Ékòó. Nígbà tó yá, àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ sí ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi ẹgbẹ́ náà ń fúnra wọn ka ìwé ẹ̀sìn, wọ́n ń bi àáfà ní ìbéèrè, wọ́n sì ń fi híjáàbù wálé bá ìyá tó wé gèlè. Ìyá mìíràn bínú: ta ni yóò fẹ́ ọ báyìí? Ọmọ ò ṣí i. Mi ò sọ pé kò sí èyí tí bàbá fipá wé fún, ó wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe gbogbo wọn ní ẹni tí wọ́n fipá mú ti fojú di wọ́n.

Àwọn obìnrin náà tún ní ẹgbẹ́ tiwọn: ọdún 1985 ni FOMWAN, àpapọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin Mùsùlùmí ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀. Aisha Lemu ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. Lateefa Okunnu, tóun náà darí rẹ̀, ṣe igbákejì gómìnà Èkó.

Nígbà tí wọn ò tíì gba híjáàbù láàyè ní ilé ìwé ìjọba l'Ékòó, ọmọ á yọ pínnì lẹ́nu ọ̀nà, á ká híjáàbù sínú báàgì. Tó bá jáde, á tún wé e. Àwọn ọmọ ọdún 12 méjì gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé ẹjọ́ pẹ̀lú MSSN. Wọ́n pàdánù lọ́dún 2014, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá wọn láre ní 2016, adájọ́ márùn-ún nínú méje ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní June 17, 2022.

Kí ẹjọ́ yẹn tó parí, Amasa Firdaus, tó kàwé òfin ní Yunifásítì Ìlọrin, dé wíìgì lé híjáàbù lọ síbi ayẹyẹ tí wọ́n ti ń sọni di agbẹjọ́rò l'Ábújá, ní December 2017. Wọ́n ní kó ṣí híjáàbù náà. Ó kọ̀, wọn ò sì jẹ́ kó wọlé. Oṣù méje ló fi dúró. Ní July 2018, wọ́n sọ ọ́ di agbẹjọ́rò, híjáàbù wà lábẹ́ wíìgì.