Ẹ̀ka Ló Ṣáájú Igi: Bí Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Bí a bá bi ọmọ ilé ìwé léèrè pé ta ni bàbá Fẹlá, yóò dáhùn kíá pé Ransome-Kuti ni. Bí a bá tún bi í pé iṣẹ́ wo ni bàbá náà ṣe, ọ̀pọ̀ ni yóò dákẹ́. Tíṣà ni. Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní NUT. Ó wà lórí àga náà láti 1931 títí di 1954, bẹ́ẹ̀ ni kò fi iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni ẹgbẹ́ ńlá máa ń kọ́kọ́ jókòó sí Èkó tàbí Àbújá, kí ó tó wá dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní àwọn ìlú yòókù. Ti NUT kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀ka ló kọ́kọ́ wà. Ní 1925, àwọn olùkọ́ Èkó dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní 1926, àwọn ọ̀gá ilé ìwé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú dá tiwọn náà, Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ ọ̀gá Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School nígbà náà, sì ni aṣáájú wọn. Ó di ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 1931 kí àwọn olùkọ́ tó péjọ sí CMS Grammar School ní Èkó, tí wọ́n sì sọ ara wọn di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo.

Kí ló dé tí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan kò fi tó? Ẹ jẹ́ kí a wo bí owó oṣù tíṣà ṣe ń rìn nígbà náà. Ilé ìwé ìjọba kò pọ̀. Àwọn ìjọ ló ni èyí tó pọ̀ jù: CMS, Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi, Kátólíìkì. Ìjọba a máa fún àwọn kan nínú wọn ní owó ìrànwọ́, ṣùgbọ́n ìjọ ló ń gba tíṣà síṣẹ́, ìjọ ló sì ń san owó rẹ̀. Tíṣà ìjọ àti tíṣà ìjọba lè máa kọ́ ọmọ ní ìṣirò kan náà, síbẹ̀ kí owó ti ìjọ kéré sí ti ìjọba. Bí tíṣà bá tọ ìjọ lọ, ìjọ lè ní owó ìrànwọ́ kò tó. Bí ó bá tọ ìjọba lọ, ìjọba lè ní òun kọ́ ló gbà á síṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin ẹ̀kọ́ ti 1926 ti sọ ọ́ di dandan kí olùkọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ìyẹn ni pé ìjọba ni yóò sọ ẹni tó lè jẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò bọ́ ọ. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, Ìjẹ̀bú nìkan kò lè ká a, Èkó nìkan kò sì lè ká a.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹgbẹ́ Ìjẹ̀bú yẹn. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ni. Ọ̀gá ilé ìwé kì í ṣe tíṣà lásán; òun ló ń kọ orúkọ tíṣà tó pẹ́ dé sínú ìwé! Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, mo rò pé ẹgbẹ́ àwọn àgbà nìkan ni ì bá jẹ́ títí dòní. Ohun ńlá tí wọ́n ṣe ní 1931 ni pé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún tíṣà kíláàsì pẹ̀lú. Ó tún yà mí lẹ́nu pé àlùfáà Áńgílíkà, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọ, ló ṣáájú àwọn tó ń bèèrè ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọ àti ìjọba.

Ẹni tí kò ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ rí lè máa rò pé oyè ni. Iṣẹ́ ni o. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gba owó ẹgbẹ́ kí ó sì ṣírò rẹ̀ láìku tọ́rọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sí ìpàdé ní ìlú mìíràn, kí ó sì padà dé kí agogo ilé ìwé tó lù. Rélùwéè gba Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kọjá, ṣùgbọ́n kò dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 1932, Ransome-Kuti kó lọ sí Abẹ́òkúta láti di ọ̀gá Abeokuta Grammar School, ilé ìwé tí orúkọ òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ àkọ́kọ́ nínú rẹ́jísítà ní 1908. Dáódù ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹrù ilé ìwé kan wà lórí rẹ̀, ẹrù olùkọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè tún wà lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ àfọkànṣe báyìí ní agbára tirẹ̀: kò sẹ́ni tó lè sọ pé nítorí owó ẹgbẹ́ ni Dáódù ṣe ń jà. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan tí a kì í sábà sọ. Ọ̀gá ilé ìwé lè rí owó ọkọ̀ lọ sí ìpàdé; tíṣà abúlé tí owó oṣù rẹ̀ kò tó jẹun ńkọ́? Bí a bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá rọrùn fún, àwọn díẹ̀ náà ni yóò máa ṣe é. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ó tọ́ bí ẹgbẹ́ ṣe gba akọ̀wé àgbà tó ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní 1943, lẹ́yìn ọdún 12. Eyo Esua ni, ọmọ Calabar tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1964. Ààrẹ jẹ́ Ẹ̀gbá, akọ̀wé jẹ́ ọmọ Calabar. Ní àsìkò tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òṣèlú ń yapa sí ẹkùn ẹkùn, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ní 1943 kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi Ransome-Kuti sínú ìgbìmọ̀ Elliot tó ṣàyẹ̀wò ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ yẹn wà lára ohun tó bí Yunifásítì Ìbàdàn ní 1948.

Ẹgbẹ́ tó ti ara ẹ̀ka dìde, òun náà ti di ẹ̀ka báyìí. Ní 1952, àwọn ẹgbẹ́ olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ dá àjọ àgbáyé kan sílẹ̀ ní Copenhagen. Ní 1993, àjọ yẹn àti òmíràn para pọ̀ di Education International, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Brussels, tí ọ́fíìsì rẹ̀ fún Áfíríkà sì wà ní Accra. NUT wà nínú rẹ̀. Nílé níbí, gbogbo ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá ló ní ẹ̀ka NUT tirẹ̀. Tíṣà tó ń sanwó ẹgbẹ́ ní Ìkirè ti wà lórí àkàbà kan náà pẹ̀lú tíṣà ní Jámánì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá ni àwọn méjèèjì dúró sí.

Ransome-Kuti fi ipò ààrẹ sílẹ̀ ní 1954. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, àwọn ọmọ tó ju 800,000 lọ sì wà nínú kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, tí wọ́n ń retí tíṣà. Dáódù kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún yẹn. Nígbà tó yá, Alvan Ikoku, ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà lára náírà mẹ́wàá, náà jẹ ààrẹ ẹgbẹ́. Ó ní ilé ìwé tirẹ̀ tó dá sílẹ̀ ní Arochukwu, ọ̀nà jíjìn sí Èkó.