Jẹ́lé-ó-sinmi nínú Òfin Wa, láti 1955

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìíní, 1955, abẹ́ ìjọba Ìbàdàn ni Ìkẹjà àti Agége wà, àti ilẹ̀ tí à ń pè ní Ọmọ́lé lónìí. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá gba orí kan etí kejì ni a máa ń gbà. Èyí tí kò kàn án ńkọ́, tí ìyá rẹ̀ ń lọ sí iléeṣẹ́ ní Ìkẹjà? Ètò náà kò kàn án.

Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti 1977 ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ṣùgbọ́n ó fi ilé-ìwé náà lé aládàáni lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́, lójú tèmi. Gẹ̀ẹ́sì ni òbí ń rà. Gẹ̀ẹ́sì ni aládàáni ń tà.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 ka ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ níbi tí ó ti túmọ̀ ọ̀rọ̀; níbi tí ó ti pàṣẹ ọ̀fẹ́, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré nìkan ni ó dárúkọ. Ìsinmi ìbímọ oṣù 6 tí Èkó fọwọ́ sí ní 2014, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó wà fún. Ìyá iléeṣẹ́ ṣì ń gbé ọmọ tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aládàáni. Ọmọ tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ìtumọ̀ “àná” lọ́wọ́ wa ní kíláàsì, ibẹ̀ ni ó ti wá.