Ọjọ́ Tí A Lé Amí Jáde Nínú Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n Mi

Aago 7:30 àárọ̀. Sátidé ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Bódìjà, n'Íbàdàn, pè mí. "Àbúrò mi, wọ́n ti gba Facebook mi o! Wọ́n ń fi orúkọ mi yá owó lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́mà mi." Ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kọ̀ǹpútà ilé ti ń fà bí ìgbín, tí ìpolówó ọjà ń yọjú lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ páásíwọ́ọ̀dù kankan sórí ẹ̀ mọ́. Mò ń bọ̀."

Aago 8:45. Kí n tó jókòó ni mo ti yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí Wi-Fi. Mo fura pé sọ́fítíwìà amí ló wọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ amí ni kó máa wo ohun tí à ń tẹ̀, kó sì máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó rán an. Bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ọ̀nà tí yóò gbé e gbà.

Mo bèèrè ohun tí wọ́n gbé sórí rẹ̀ láìpẹ́. Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 14, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá. Géèmù olówó kan ni mo rí lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ pa Defender kó tó lè wọlé." Ó sì pa á. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Defender ni ajá tí Windows fi ń ṣọ́lé. Àlejò tó bá ní kí a so ajá wa mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, olè ni.

Aago 9:30. Mo ṣí Task Manager, ibi tí a ti ń rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Láàárín àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀, ọ̀kan jọ ti Windows, àmọ́ lẹ́tà kan dín nínú rẹ̀. Mo pa á. Kò pẹ́ tó fi tún yọjú. Mo yọ ọ́ kúrò nínú àkójọ Apps, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án padà: ó ti wà níbẹ̀ dè mí. Mo wo Chrome, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé iléeṣẹ́ kan ló ń darí òun. Iléeṣẹ́ wo? Kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀! Ìgbà náà ló yé mi pé ewé ni mò ń já, gbòǹgbò ṣì wà nílẹ̀.

Aago 11:00. Wọ́n mú iná lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà náà ti kú tipẹ́, àmọ́ a ò jókòó lásán. Fóònù ẹ̀gbọ́n mi ni a fi bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù. Ímeèlì ló ṣáájú, torí ẹni tó bá ti ní ímeèlì rẹ lọ́wọ́ lè fi gba gbogbo yòókù. Facebook tẹ̀ lé e, a sì pe báǹkì. Níbi kọ̀ọ̀kan, a lé gbogbo ẹ̀rọ mìíràn tó wà lórí rẹ̀ jáde, nítorí amí a máa jí kúkì, àmì tí Chrome fi ń rántí pé a ti wọlé, gbé, olè sì lè fi kúkì wọlé láìmọ páásíwọ́ọ̀dù.

Aago 1:10 ọ̀sán. Iná dé. Mo ṣí Task Scheduler, ibi tí a ti ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó ṣe báyìí ní àsìkò báyìí. Mo ń kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí mo fi kan èyí tí kò sẹ́ni tó gbé e síbẹ̀ nínú wa: ní ìṣẹ́jú 5, ìṣẹ́jú 5, wò ó bóyá amí ṣì wà, bí kò bá sí, gbé òmíràn jáde láti inú fódà kan tó fara pamọ́ sínú AppData. Gbòǹgbò rèé! Mo pa àṣẹ náà rẹ́. Mo di Shift mú, mo tẹ Restart, mo gba ibẹ̀ bọ́ sí Safe Mode, níbi tí Windows kì í ti í jí ju ìwọ̀nba tó pọn dandan lọ. Amí ń sùn. Mo pa fódà rẹ̀ rẹ́, mo sì tú okùn tó fi de Chrome nínú Registry, níbi tí Windows ń tọ́jú ètò rẹ̀ sí.

Aago 2:30. Mo tan Defender padà, mo dá kọ̀ǹpútà padà sórí Wi-Fi, mo jẹ́ kó gba àtúnṣe tuntun, mo sì ní kó ṣe àyẹ̀wò Offline, èyí tó máa ń wá inú kọ̀ǹpútà kí Windows fúnra rẹ̀ tó jí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ló gbà. Ó tún rí méjì tí ojú mi fò.

Aago 4:00. Gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó ti tán nìyẹn?" Mo ní, "Ó rọ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi, kò tíì tán." Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé amí tó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilé kò fi nǹkan kan pamọ́. A kó fọ́tò àti ìwé ìṣirò ọjà sórí díìsìkì mìíràn, a fi gbogbo sọ́fítíwìà sílẹ̀, a sì ní kí Windows pa gbogbo nǹkan rẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Aago 7:00 alẹ́. Kọ̀ǹpútà dà bí tuntun. Mo ṣí àyè tirẹ̀ fún ọmọ náà, èyí tí kò lè fi gbé ọ̀pọ̀ sọ́fítíwìà wọlé láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà nílé, bí amí bá wọ tiyín, ẹ má rò pé lílé e jáde ni òpin iṣẹ́. Olè tó ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ, àgádágodo là ń pààrọ̀. Páásíwọ́ọ̀dù ni àgádágodo yín. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, lórí ẹ̀rọ mìíràn.