Ìtọ̀ ṣúgà kọ́ ló di ọ̀nà mọ́ orúnkún tuntun

Bí orúnkún àgbàlagbà bá ti kọṣẹ́ ní ìlú Ògijo, tí wọ́n ń di ògiri mú kí wọ́n tó lè dìde, ohun tí ará ilé máa ń sọ ni pé: "Màmá ní ìtọ̀ ṣúgà, wọn ò ṣeé là. Wọ́n á kú sórí tábìlì." Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣì lè rìn di ẹni àgbékalẹ̀.

Dókítà eegun kì í wo orúkọ àìsàn nìkan. Bóyá apá ká àìsàn náà ló ń wò. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé ń ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún tuntun, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà náà ń ṣe é.

Ibi tí ewu ṣúgà wà gan-an ni ojú egbò àti irin tí wọ́n fi rọ́pò eegun. Irin kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Bí kòkòrò bá bà lé e, á fi ohun yíyọ̀ kan bo ara rẹ̀, bí irú èyí tó máa ń mú inú ìkòkò omi tí a kò fọ̀. Oògùn kì í ríbi wọ ibẹ̀, nígbà mìíràn àfi kí wọ́n tún ẹsẹ̀ là, kí wọ́n yọ irin náà. Bí ṣúgà bá sì pọ̀ lẹ́jẹ̀, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà á dín kù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò HbA1c, tó ń fi ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa sọ bó ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Bó bá ti ju nǹkan bí 8% lọ, ọ̀pọ̀ dókítà á ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ tọ́jú rẹ̀. Wọn ò kọ̀ yín o, wọ́n sún ọjọ́ síwájú ni.

Àyẹ̀wò yìí lè tan ènìyàn jẹ lára ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, torí ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ lára ẹlòmíràn kì í ju 10 sí 20 lọ lára tiwọn. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ní àìsàn yìí wà lára àwọn tó nílò ìgbáròkó tuntun jù nílẹ̀ wa, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé orí eegun itan mọ́, tí ó sì kú.

Ohun tó ń dùn mí jù ni èyí tí a ń fi pamọ́. Màmá kan tú àpò ọ̀rá wọn sórí àga níwájú mi: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ṣẹ́ ku hóró mẹ́ta, ìgò àgbo kan, àti káàdì oògùn kan tí wọ́n kọ Prednisolone sí lẹ́yìn. "Èyí ló ń gbé mi rìn. Má sọ fún dókítà o." Prednisolone yẹn ń gbé ṣúgà sókè, ó ń sọ eegun di ẹlẹgẹ́. Bí ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ bá sì dá a dúró lójijì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ. Ikú orí tábìlì tí ará ilé ń bẹ̀rù nìyẹn, ibi tí wọn ò fojú sí ló sì lè gbà wá.

Kíndìnrín, tí dókítà tún ń wò kó tó la ẹsẹ̀, ńkọ́? Ibuprofen àti diclofenac tí a ń gbé mì lójoojúmọ́ nítorí ìrora lè bà á jẹ́. Òjé náà lè bà á jẹ́, Ògijo sì wà lára ibi tí wọ́n ti yọ́ òjé inú bátìrì mọ́tò àlòkù. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń gbé àti iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún dókítà.

Màmá gbé àpò ọ̀rá náà dé ilé ìwòsàn ní Ṣàgámù. Dókítà kó ohun inú rẹ̀ síta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ wọ́n sílẹ̀, ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.