Ilé Gbígbé àti Owó Oṣù Nọ́ọ̀sì ní Ìlú Èkó, láti Ọdún 1928 Títí di Òní

Ìfáàrà

Bí a bá ń sọ ìtàn iṣẹ́ ìwòsàn ní ìlú Èkó, orí àrùn, oògùn, ilé ìwòsàn àti dókítà ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé. Ibi tí nọ́ọ̀sì ń sùn kì í sí nínú ìtàn náà. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò dà bí iṣẹ́ ọ́fíìsì tí a ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ń gba iṣẹ́ ní òwúrọ̀, àwọn kan ní ọ̀sán, àwọn kan ní alẹ́, ẹni tí ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ títí ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ yóò fi dé. Nítorí náà, bí ilé nọ́ọ̀sì bá jìnnà, ọ̀rọ̀ náà kan aláìsàn pẹ̀lú.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ìpinnu ìjọba lórí ilẹ̀ àti ilé, ju iye owó oṣù lọ, ni ó ti ń sọ bóyá nọ́ọ̀sì yóò rí ilé gbé nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti gbé owó oṣù rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni yóò pèsè òrùlé fún un. Nígbà tí àwọn tí ń pèsè òrùlé náà yọwọ́, ẹrù tí a kò dì fún owó oṣù ni a gbé rù ú.

Àrùn, Ilẹ̀ àti Ẹni tí Ilé Tọ́ sí

Ní ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn kan tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ojú tí ìjọba amúnisìn fi wò ó ni pé ilé tí ó fún mọ́ra jù ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Èyí ni ó bí ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ sí Lagos Executive Development Board, LEDB, ní ọdún 1928. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó la ilẹ̀ Yábàá, tí àwọn akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ tí ó rí owó díẹ̀ kó jọ fi kó lọ síbẹ̀. Ní ti àwọn Òyìnbó, wọ́n ti ní ibi tiwọn ní Ìkòyí.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ìpín tí ó wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà náà. Ìgbìmọ̀ Harragin, tí ó jábọ̀ ní ọdún 1946, pín iṣẹ́ ìjọba sí ipele àgbà àti ipele kékeré. Òṣìṣẹ́ ipele àgbà ni ilé ìjọba tọ́ sí. Ẹni tí ó wà ní ipele kékeré ni yóò wá ilé fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà tí ó ti ìlú Òyìnbó wá bọ́ sí ti àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ yìí sì bọ́ sí ìkejì. Aláìsàn kan náà ni wọ́n jọ lè máa tọ́jú, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá parí, ọ̀nà wọn kò pa pọ̀ mọ́. Ní ọdún 1947, lẹ́yìn tí wọ́n kọ̀ láti gba aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú sí Bristol Hotel ní Èkó tí ìlú sì gbaná jẹ, ìjọba kéde pé òun fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀, agbègbè àwọn Òyìnbó sì di GRA. Orúkọ yí padà. Ìlànà pé ipò ni yóò sọ ẹni tí ilé tọ́ sí kò yí padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni ó bọ́ nínú wàhálà yìí, nítorí inú ọgbà ilé ìwòsàn ni ó ń gbé, lábẹ́ ojú métírọ́ọ̀nù. Òun ni yóò sọ ìgbà tí ọmọbìnrin lè jáde àti ìgbà tí yóò wọlé. Àṣà yìí ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá, ó sì le. Ṣùgbọ́n ó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ibùsùn tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sí wọ́ọ̀dù. Bí ó bá ti parí ẹ̀kọ́, tàbí tí ó bá ṣe ìgbéyàwó, ààbò náà tán. Ẹni tí ó ṣètò owó oṣù rẹ̀ rò pé ilé òbí tàbí ilé ọkọ ni yóò wọ̀. Kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni pé obìnrin náà lè jẹ́ ẹni tí yóò san owó ilé fún odindi ìdílé.

Sùúrùlérè àti Àwọn Ilé Ìjọba Lẹ́yìn Òmìnira

Ní ọdún 1955, LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó apá kan Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, tí ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1961, fi hàn pé ilé náà dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n owó ilé àti owó ọkọ̀ ń jẹ àwọn tí wọ́n kó lọ níyà, ọjà àti ẹbí wọn sì ti jìnnà sí wọn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí, ó sì ṣeni láàánú pé ìjọba tí ó tẹ̀ lé e kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ: ilé tí ó jìnnà sí iṣẹ́ ní owó ilé kejì tí a kì í kọ sínú ìwé. Ti nọ́ọ̀sì yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà tí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà lẹ́yìn òmìnira, ẹ̀gbẹ́ Sùúrùlérè ni ó bọ́ sí, ẹni tí ó bá sì rí yàrá gbà níbẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́.

Owó oṣù fò sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975 nítorí àbá Udoji. Kò pẹ́ tí àwọn onílé náà fi gbé tiwọn sókè. Ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìdíwọ̀n owó ilé ní ọdún 1976, ṣùgbọ́n onílé àti ayálégbé ń jọ fi ẹnu kò sí iye mìíràn lábẹ́lẹ̀, nítorí ẹni tí ó nílò ilé kò ní lọ fi ẹni tí yóò fún un nílé sùn. Ohun tí ó ràn àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ jù ni àwọn ilé tí ìjọba kọ́ ní tààrà. Lẹ́yìn àjọ̀dún FESTAC ti ọdún 1977, ìbò ni wọ́n fi pín àwọn ilé Festac fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Láàárín ọdún 1979 sí 1983, Gómìnà Lateef Jákàńdè kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Òkè-Àfà, Abẹ́sàn, Ìbà, Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin àti ibòmíràn. Àwọn kan fi ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé ó rí ṣákálá. Ẹni tí ó bá gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á lónìí kò ní rẹ́rìn-ín mọ́.

Láti Ilé sí Owó

Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Láti ìgbà náà, ẹni tí yóò yá owó ilé ní láti ní ìwé tí a mọ̀ sí C of O tàbí ìwé mìíràn tí báńkì gbà. Ní ọdún 1992 ni a dá àpò owó ilé kíkọ́ ti àpapọ̀ sílẹ̀, tí a sì ń yọ ìdá 2.5 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ sínú rẹ̀. Èlé ìdá 6 nínú 100 tí a fi ń yá owó náà rọrùn gan-an, ọdún 30 ni a sì lè fi san án. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí agbára nọ́ọ̀sì ká ní ìgbèríko ìlú sábà máa ń jẹ́ èyí tí kò ní ìwé bẹ́ẹ̀. A ń yọ owó rẹ̀ lóṣooṣù fún ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Olú ìlú kó lọ sí Àbújá ní ọdún 1991. Ní ọdún 2003, ìjọba àpapọ̀ sọ àwọn àǹfààní òṣìṣẹ́ di owó: dípò kí òṣìṣẹ́ gba ilé, yóò gba owó ilé mọ́ owó oṣù. A ta ọ̀pọ̀ ilé ìjọba ní Èkó, a sì fún àwọn tí ń gbé inú wọn ní àǹfààní láti kọ́kọ́ rà á. Ilé 1004 ní Victoria Island, tí òṣìṣẹ́ ìjọba kún inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò. Lórí ìwé, ètò náà dọ́gba. Ṣùgbọ́n ilé ń tẹ̀ lé iye ọjà, owó tí a fi rọ́pò rẹ̀ kò sì lè bá ọjà sáré.

Ìṣirò kan yóò mú ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù ni nọ́ọ̀sì fẹ́ fi san owó ilé, èyí tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó mọ níwọ̀n. Lóṣooṣù ni owó oṣù ń wọlé, ṣùgbọ́n ní Èkó, owó ilé odindi ọdún ni a ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó ọdún kan jẹ́ owó oṣù mẹ́rin gbáko. Bí onílé bá béèrè ti ọdún méjì, ó di oṣù mẹ́jọ. Kọmíṣọ̀n ajẹ́ǹtì àti owó àgírímẹ́ǹtì tún wà níwájú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ ìdá 10 nínú 100. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ṣùgbọ́n ó yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà kúrò. Níbi tí òfin náà dé pàápàá, ayálégbé ni a fi ṣe ọlọ́pàá rẹ̀.

Ètò yíyá owó ilé tí ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 2014 béèrè ìdá 30 nínú 100 iye ilé lọ́wọ́ ẹni tí yóò rà á. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 2016 dín in kù sí ìdá 5, ó sì yẹ kí a yìn ín fún èyí, ṣùgbọ́n ilé kò tó ẹni tí ń wá a. Orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa ń lọ, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2001 tí ó dárúkọ nọ́ọ̀sì, tíṣà àti ọlọ́pàá pé ìlú kò lè ṣe láìsí wọn nítòsí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń wọ́n wọn lójú. Àwọn ètò ńlá ti Èkó tí a ti mẹ́nu bà kò ya nọ́ọ̀sì sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Iye owó ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo àkókò iṣẹ́.

Ọgbọ́n tí Àwọn Nọ́ọ̀sì Dá

Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi tún ìwà ara wọn ṣe. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó ń ṣe iṣẹ́ báńkì fún wọn. Ó ń yá wọn lówó láìbéèrè C of O, ó sì ń ra ilẹ̀ ní òṣùwọ̀n ńlá pín fún wọn ní Ìkòròdú, Mọ́wé, Ìbàfò tàbí Ọ̀tà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ilé náà. Wọn a wọ inú rẹ̀ nígbà tí yàrá méjì bá ti ní òrùlé, kí wọ́n má baà tún san owó ilé ọdún mìíràn, bí a kò tilẹ̀ tíì rẹ́ ògiri. Mọ́wé, Ìbàfò àti Ọ̀tà wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí náà ẹni tí ń tọ́jú ará Èkó kì í sùn ní ìpínlẹ̀ Èkó mọ́.

Láti ìgbà tí a ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ ti fò kọjá ohun tí wọ́n ṣírò tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ń bá ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe pàṣípààrọ̀, kí iṣẹ́ alẹ́ mẹ́ta lè tẹ̀ léra. Wọn a sùn sínú yàrá kékeré tí ó wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù lójú ọ̀sán, wọn a fọ aṣọ iṣẹ́ síbẹ̀, wọn a sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní alẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin ni wọ́n ń wọkọ̀ lọ sílé. Yàrá náà kò sí nínú ètò ilé gbígbé ìjọba kankan, a kì í sì í yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù.