Ìhun Agbedeméjì nínú Iṣẹ́ Ìtumọ̀: Láti Ṣókótó Ọ̀rúndún Kọkàndínlógún dé Èdè Kọ̀ǹpútà Lisp

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a ń wá lọ sí Ṣókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Ní ti ìtàn ìtumọ̀-èdè, ó tọ́ kí a yí òwe náà padà díẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà wá kiri ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 1958 títí di nǹkan bí ọdún 1992, irú rẹ̀ kan ti wà ní Ṣókótó gan-an láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ohun náà ni ìhun agbedeméjì, èyí tí í ṣe ohun tí atúmọ̀ dì mú lẹ́yìn tí ó ti gbọ́ èdè kìn-ín-ní tán, tí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èkejì.

Ìtàn méjèèjì kò pàdé ara wọn. Ẹni tí ó kọ ewì ní Ṣókótó kò mọ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà kò sì ti ara ewì Ṣókótó jáde. Ìṣòro kan náà ni ó dojú kọ wọ́n: nínú ohun tí a gbọ́, èwo ni a gbọ́dọ̀ dì mú, èwo ni a lè jù sílẹ̀? Ìbéèrè yìí kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ láti Háúsá sí Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sábà máa ń dúró ní agbedeméjì, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní àyè fún púpọ̀ nínú ohun tí èdè méjèèjì ń sọ.

Ṣókótó, ìlú èdè púpọ̀

Muhammad Bello ni ó tẹ Ṣókótó dó ní ọdún 1809, lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀, Shehu Usman dan Fodio, ti bẹ̀rẹ̀ ogun jíhàádì ní 1804. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìlú náà ti jẹ́ ìlú èdè púpọ̀. Lárúbáwá ni èdè ẹ̀sìn àti ti ìwé. Fulfulde ni èdè ìdílé àwọn aṣáájú. Háúsá ni èdè ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n wà lábẹ́ àkóso wọn. Ẹ̀kọ́ tí ó bá wà nínú Lárúbáwá nìkan kò lè dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí ń gún ọkà ní abúlé.

Nana Asma'u, ọmọ Shehu, ni ó fi ayé rẹ̀ ṣe afárá láàárín àwọn èdè wọ̀nyí. A bí i ní 1793, ó sì kú ní 1864. Aya Gidado, ẹni tí ó jẹ́ Wàsírì Bello, ni. Ó gbọ́ Lárúbáwá, Fulfulde, Háúsá àti èdè àwọn Tuareg. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó kù lé ní 60. Fulfulde àti Háúsá ni ó fi kọ púpọ̀ jù nínú wọn, lẹ́tà Lárúbáwá sì ni ó fi kọ èdè méjèèjì, irú ìkọsílẹ̀ tí a ń pè ní ájámì. Ìdílé Wàsírì ni ó tọ́jú àwọn ìwé náà. Alhaji Junaidu, tí ó jẹ́ Wàsírì Ṣókótó ní ọ̀rúndún ogún, ṣí wọn sílẹ̀ fún àwọn olùwádìí, Jean Boyd àti Beverly Mack sì tẹ àkójọ wọn jáde ní 1997.

Ọgbọ́n mẹ́ta nínú iṣẹ́ Asma'u ni ó kan ọ̀rọ̀ ìhun agbedeméjì. Àkọ́kọ́ ni àtòjọ. Ó kọ ewì kan tí ó to orúkọ àwọn súrà Àlùkùráánì pọ̀, ó sì ṣe é ní Fulfulde, ní Háúsá àti ní Lárúbáwá. Súrà 114 kò pọ̀ sí i, kò sì dín. Ọ̀rọ̀ tí ó so orúkọ kan mọ́ èkejì ni ó ń yí padà bí èdè ti ń yí padà. Ẹni tí ó bá gba àtòjọ náà sórí ti gba ohun tí kì í ṣe ti èdè kan ṣoṣo.

Èkejì ni takhmis, ọnà ewì kan tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá wá. Akéwì yóò mú ìlà méjì tí ẹlòmíràn ti kọ, yóò fi ìlà mẹ́ta tirẹ̀ ṣáájú wọn, gbogbo rẹ̀ yóò wá di márùn-ún. Asma'u ṣe èyí sí ewì bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tuntun wọlé, síbẹ̀ ẹni tí ó mọ ọnà náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Shehu ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìlà méjì ìgbẹ̀yìn ni tirẹ̀. Orísun kò sọnù sínú ohun tí a fi kún un.

Ẹ̀kẹta ni ènìyàn fúnra rẹ̀. Asma'u yan àwọn obìnrin tí a ń pè ní jaji ṣe aṣáájú nínú ẹgbẹ́ 'Yan Taru. Wọn a máa kó àwọn obìnrin abúlé wá sí ilé rẹ̀ ní Ṣókótó, wọn a há ewì sórí, wọn a sì padà lọ kọ́ àwọn tí wọ́n wà nílé. Ẹ̀kọ́ tí ó wà ní orí jaji lójú ọ̀nà ti kúrò nínú ìwé, kò sì tíì di ìṣe ní abúlé. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ ní ìrísí tí ó rọrùn láti gbé: ìlà tí ó ṣe déédéé, ìró tí ń padà wá, àtòjọ tí a lè kà yanjú.

Lisp, èdè àtòjọ

Ní 1958, John McCarthy bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èdè kọ̀ǹpútà kan ní MIT, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Massachusetts. Lisp ni ó pè é, orúkọ tí a gé kúrú láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́ lórí àtòjọ. Ó tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1960. Nínú Lisp, gbólóhùn jẹ́ àtòjọ tí a fi àkámọ́ há, ohun tí a fẹ́ ṣe ni ó sì máa ń ṣáájú:

(+ (* 2 3) 4)

Ìtumọ̀ èyí ni pé kí a sọ 2 di púpọ̀ ní ọ̀nà 3, kí a sì ro èsì rẹ̀ pọ̀ mọ́ 4. Ẹni tí ó bá kọ́ gírámà yóò rí i pé igi-gbólóhùn ni èyí. Àkámọ́ inú wà lábẹ́ àkámọ́ òde bí àpólà ti ń wà lábẹ́ gbólóhùn.

McCarthy ní in lọ́kàn pé ìkọsílẹ̀ mìíràn, tí ó jọ ti àwọn onímọ̀ ìṣirò, ni àwọn ènìyàn yóò máa lò, kí àtòjọ alákàámọ́ sì jẹ́ ti inú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n Steve Russell kọ ètò kan fún kọ̀ǹpútà IBM 704 tí ó lè ka àtòjọ náà, kí ó sì ṣe ohun tí ó wí. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹkọ̀wé ètò ti fara mọ́ àtòjọ. Ohun tí a ṣe fún agbedeméjì di èdè gan-an.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń pa àtòjọ mọ́ rọrùn láti yé ni. Nínú IBM 704, ojú ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan gba àmì 36. Apá méjì wà nínú rẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba àmì 15, tí a sì lè fi tọ́ka sí ojú ìpamọ́ mìíràn. Apá kan ń tọ́ka sí ohun tí ó wà ní iwájú àtòjọ, òun ni car. Èkejì ń tọ́ka sí ìyókù, òun ni cdr. Ó dà bí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n tò, tí olúkúlùkù fi ọwọ́ kan gbé ẹrù rẹ̀, tí ó sì fi ọwọ́ kejì di ẹni tí ó kàn mú.

Níwọ̀n bí ètò fúnra rẹ̀ ti jẹ́ àtòjọ, Lisp lè ka Lisp. Ní 1962, Tim Hart àti Mike Levin fi Lisp kọ ètò atúmọ̀ tí ń sọ Lisp di èdè ẹ̀rọ, ètò náà sì túmọ̀ ara rẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú atúmọ̀

Àtòjọ nìkan kò tó fún atúmọ̀ tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí ó dára. Àtòjọ fi ẹni tí ó wà lábẹ́ ẹni hàn, ṣùgbọ́n kò fi ẹni tí orúkọ kan ń tọ́ka sí hàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ohun tí ó kàn lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan. Ní 1978, Guy Steele ṣe ètò atúmọ̀ kan tí ó pè ní Rabbit ní MIT, fún Scheme tí í ṣe ẹ̀ka Lisp. Nínú ìhun agbedeméjì rẹ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a fún ní orúkọ ẹni tí yóò gba èsì rẹ̀. Kò sí ìgbésẹ̀ tí ó parí láìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh, Rob MacLachlan gbé èrò yìí síwájú nínú ètò atúmọ̀ CMU Common Lisp. Python ni orúkọ ètò atúmọ̀ náà, kò sì bá èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Python tan. Àlàyé rẹ̀ jáde ní 1992. Láti ara iṣẹ́ yìí ni SBCL ti yọ ní 1999.

Ìpele méjì ni Python máa ń gbà kọjá kí ó tó dé èdè ẹ̀rọ. Ìpele kejì sún mọ́ ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni a ti ń pín ojú ìpamọ́ fún iye kọ̀ọ̀kan. Ìpele kìn-ín-ní ni ó kan onímọ̀ èdè jù. Àwọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni kókó àti ewé. Kókó dúró fún ìṣẹ̀lẹ̀: ìtọ́ka sí nǹkan, ìpè iṣẹ́, yíyàn láàárín ọ̀nà méjì, ìyípadà iye, ìdápadà èsì. Ewé dúró fún nǹkan tí a ń tọ́ka sí: iye tí kì í yẹ̀, orúkọ tí ó ní iye, iṣẹ́. Gbólóhùn kékeré òkè yẹn yóò di kókó 7: ìtọ́ka 5, sí +, *, 2, 3 àti 4, àti ìpè iṣẹ́ 2. Nígbà tí atúmọ̀ bá sì rí i pé gbogbo iye náà ni a ti mọ̀, yóò ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀, yóò fi 10 rọ́pò gbogbo wọn.

Bí a bá lo orúkọ kan ní ibi mẹ́ta, kókó ìtọ́ka mẹ́ta ni yóò wà, ṣùgbọ́n ewé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí, ewé náà sì ní àtòjọ àwọn tí ń tọ́ka sí i. Bí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ènìyàn méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, ewé méjì ni wọn. Ewé tí ẹnikẹ́ni kò tọ́ka sí, a lè já a. Lẹ́yìn èyí, a ń kọ irú iye tí ó lè jáde mọ́ èsì ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lára, yálà nọ́ńbà ni tàbí àtòjọ. Atúmọ̀ sì ń pa ojú ọ̀nà padà sí gbólóhùn ìpilẹ̀ṣẹ̀ mọ́, kí ó lè sọ fún òǹkọ̀wé ibi tí àṣìṣe wà. Iṣẹ́ tí ìlà méjì Shehu ń ṣe nínú takhmis nìyẹn.

Òun, ó, àti ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀

Ìṣòro kókó àti ewé kì í ṣe àjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: "Adé sọ pé òun ti dé" àti "Adé sọ pé ó ti dé." Nínú ti àkọ́kọ́, Adé ni ó dé. Nínú ti èkejì, ẹlòmíràn ni. Yorùbá fi ọ̀rọ̀ méjì ya ewé méjì sọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì yóò pe méjèèjì ní "he" bí ẹni náà bá jẹ́ ọkùnrin. Bí ìtumọ̀ bá ti ara Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ìtọ́ka náà ti já, kò sì sí bí ẹni tí ó gbà á ní ìhà kejì ṣe lè so ó padà bí kò ṣe pé kí ó méfò.

Ti ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Háúsá ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin: "ka zo" ni fún ọkùnrin tí ó wá, "kin zo" ni fún obìnrin, "kun zo" sì ni fún ọ̀pọ̀. Yorùbá kò bìkítà fún akọ tàbí abo níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ya àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọdé pẹ̀lú "ẹ" àti "o". Gẹ̀ẹ́sì ní "you" nìkan fún gbogbo rẹ̀. Bí ọmọ Yorùbá bá bi ìyá rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ ti jẹun?", tí a sì gbé e gba inú Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Háúsá, ó lè jáde ní "Ka ci abinci?" Ọ̀wọ̀ ti lọ, ìyá sì ti di ọkùnrin. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Àpò tí a fi gbé e ni ó jò.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá eré ọpọlọ. Ìpín 55 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 gbà pé kí Ilé Aṣòfin Àgbà lo Háúsá, Ígbò àti Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ètò tí ó péye bá ti wà fún un. Ètò tí ó péye kò lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní agbedeméjì láìsí àfikún. Bí a bá kọ iye ènìyàn, akọ tàbí abo, ipò ọ̀wọ̀ àti ewé tí arọ́pò-orúkọ ń tọ́ka sí mọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan lára nínú ìhun agbedeméjì, èdè tí ó bá nílò èyíkéyìí nínú wọn yóò bá a níbẹ̀. Èdè tí kò bá nílò rẹ̀ yóò kọjá lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìtàn méjèèjì fi hàn ni pé ohun tí ó bá sọnù ní agbedeméjì kò ṣeé rí padà ní òpin. Asma'u mọ èyí, ó sì fi àtòjọ, ìlà ewì àti orí àwọn jaji ṣe àpò tí kò jò. Àwọn oníṣẹ́ Lisp náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fi ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n sọ àtòjọ alákàámọ́ di ìhun tí ó lè pa ìtọ́ka, irú iye àti orísun mọ́. Ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ lè kọ́ irú ìhun bẹ́ẹ̀ fún àwọn èdè Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò lè mọ ohun tí ó yẹ kí ó fi sínú rẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ni ní òun àti ó, ní o àti ẹ, ní ka àti kin, ni wọ́n ní ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́. Àtòjọ àwọn ìyàtọ̀ tí èdè wa kò lè pàdánù, àwọn ni ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn ẹlẹ́rọ tó kọ ọ́ fún wọn.