AGBO ILÉ ÀTI ÒFIN ÌKỌ́LÉ NÍ ADÓ-ÈKÌTÌ: LÁTI AYÉ ÀWỌN BABA WA TÍTÍ DI ÒNÍ

Ẹ̀yin ọmọ Adó nílé àti lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbé ka iwájú yín nínú ìwé ọdọọdún wa yìí kan gbogbo ẹni tí ó ní agbo ilé tí ó ti jáde wá. Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni. Gbogbo wa ni ó hàn sí pé àyè tí ó kù nínú agbo ilé kò tó nǹkan mọ́, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni a ń fi ilé tuntun kún ti àtijọ́. Ta ni ó ní àṣẹ láti wí pé kí a kọ́ ọ tàbí kí a má kọ́ ọ? Àwọn baba wa ní ìdáhùn tiwọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú tiwọn dé. Ìjọba òde òní náà ní tirẹ̀. Ó yẹ kí a mọ bí àwọn ìdáhùn wọ̀nyí ti tẹ̀lé ara wọn, nítorí inú àlàfo tí ó wà láàrin wọn ni ọ̀pọ̀ ìjà ẹbí àti ọ̀pọ̀ ilé wíwó ti ń jáde.

Ní ayé àtijọ́, amọ̀ ni a fi ń mọ ilé, àwọn yàrá a sì yí àgbàlá ká. Bí ọmọkùnrin bá tó ìyàwó gbé, baálé ni yóò fi ibi tí yóò mọ yàrá tirẹ̀ sí hàn án. Kò sí ìwé, kò sí òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n òfin wà. Ẹni tí ó bá kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí ni ó ni ilé, ẹbí ni ó sì ni ilẹ̀. Kò lè ta ilẹ̀ náà láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà fọwọ́ sí i. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá gba irú òfin yìí ní ọdún 1921, nígbà tí Olóyè Amodu Tijani Oluwa ti Èkó pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀, tí Herbert Macaulay sì bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n dá a pé àwùjọ, abúlé tàbí ẹbí ni ó ni ilẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa, pé alágbàtọ́jú ni olóyè jẹ́.

Òfin ìfètò ìlú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò bẹ̀rẹ̀ láti inú àánú fún ọmọ ìlú. Ní ọdún 1917, ní àkókò Lugard, wọ́n ṣe òfin tí ó pín àwọn ìlú sí ipò mẹ́ta. Èkó nìkan ni ó wà ní ipò kìn-ín-ní. Ìlànà ìgbà náà ni pé kí ilẹ̀ òfìfo tí ó tó yáàdì 440, èyí tí í ṣe ìdámẹ́rin máìlì, wà láàrin ibùgbé òyìnbó àti ibùgbé ọmọ ìlú. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó ràn bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924, ìjọba rí i pé àrùn kò mọ ààlà. Èyí ni ó bí ìgbìmọ̀ ìtún-Èkó-ṣe ti ọdún 1928. Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ni ó wó ilé púpọ̀ ní àárín Èkó láti nǹkan bí ọdún 1955, tí ó sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Àwọn tí ó ti ń gbé pọ̀ láti ìran dé ìran túká. Kí a má gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí: ó rọrùn láti wó agbo ilé, ṣùgbọ́n kò sí búlọ́ọ̀kù tí a fi í tún ẹbí mọ.

Ní ọdún 1946 ni òfin ìfètò ìlú àti ìgbèríko jáde fún gbogbo Nàìjíríà, tí a fi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àwòkọ́ṣe. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tẹ̀lé e pẹ̀lú ilé Bódìjà ní Ìbàdàn láti ọdún 1958: pulọ́ọ̀tì kan, ìdílé kan, ọgbà yíká. Ní Adó ní tiwa, lábẹ́ Èwí Aládésanmí Kejì tí ó jọba láti ọdún 1937 títí di ọdún 1983, owó kòkó ni ó ń tún ìlú ṣe. Páànù rọ́pò koríko, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì yọ lójú títì, ilé oníyàrá lọ́tùn-ún lósì tí ọ̀nà gba àárín rẹ̀ sì gba ipò àgbàlá. Wọlé-wọlé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ìjọba nígbà náà: ẹni tí ń wo ìkòkò omi àti ṣáláńgá.

Ohun mẹ́ta ni ó yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́yìn náà. Èkíní ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà, tí kò sì jẹ́ kí ẹnì kan mú ju ìdajì hẹ́kítà ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́ nǹkan sí lọ nínú ìlú ńlá. Èkejì ni ilé-ẹ̀kọ́: ní ọdún 1982, Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Adó, Pólì ti ìjọba àpapọ̀ sì kó wá láti Àkúrẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá, baba onílé sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí Adó sì di olú-ìlú. Nígbà tí a ka ènìyàn ní ọdún 2006, iye wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó ti lé ní 308,000.

Ní ti àṣẹ ìkọ́lé, ìjọba ológun ṣe òfin kejìdínláàádọ́rùn-ún ti ọdún 1992, tí ó wí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé láìgba ìwé àṣẹ. Ní ọdún 2003, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a pé ti ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfètò ìlú í ṣe, kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Nítorí náà, Adó gan-an ni a ó ti yanjú ọ̀rọ̀ Adó.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyí. Pulọ́ọ̀tì tí ó dá dúró ni òfin ní lọ́kàn: kí ilé jìnnà sí títì, kí ó jìnnà sí ti aládùúgbò. Agbo ilé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kan ni, ilé púpọ̀, olórí kan. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun kò lè rí ìwé gbà yóò kọ́ ọ lóru, àmì pupa yóò sì dé ara ògiri lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru òfin. Bí sọ́kawéè bá fara ti kànga, àìsàn ni a ń pọn mu. Bí a bá kọ́lé dí ojú àgbàrá tí ń lọ sí odò Ajílosùn, inú yàrá ni omi yóò gbà. Bí ọkọ̀ panápaná kò bá rí ọ̀nà wọlé, àwọn àgbà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí ilé kò bá kan ilé, kì í jó àjóràn.

Àwọn ẹlòmíràn náà ń tún èrò wọn pa. Ní Oregon ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti fi ọjọ́ pípẹ́ yan ọ̀pọ̀ ilẹ̀ fún ilé ìdílé kan ṣoṣo, ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin pàṣẹ ní ọdún 2019 pé kí àwọn ìlú tí ó ju 10,000 ènìyàn lọ gba ilé ìdílé méjì láyè lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn baba wa mọ̀ tipẹ́, pé ilẹ̀ kan lè gba ju ìdílé kan lọ, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́.

Mo rọ ẹgbẹ́ wa, nígbà náà, pé kí a ran agbo ilé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ láti pe awọnlẹ̀, kí a ya àwòrán gbogbo ilẹ̀ náà pọ̀, kí a fi ọ̀nà, kànga àti ojú àgbàrá hàn nínú rẹ̀, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà sì fọwọ́ sí i. Kí a gbé àwòrán yìí lọ sí ọ́fíìsì ìfètò ìlú, kí a sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba agbo ilé wọlé bí odidi kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, kí ẹ tó fi owó búlọ́ọ̀kù ránṣẹ́ sí àbúrò, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ baálé, kí ẹ sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Ilé tí a kọ́ láìgbọ́ ti ẹbí, tí a kọ́ láìgbọ́ ti ìjọba, àwọn ọmọ ni a fi gbèsè rẹ̀ sílẹ̀ fún.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí Adó gbòòrò, kí agbo ilé wa má sì túká.